Ààlè Ẹnu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn

Ní sáà tó kọjá, mo gbé iṣẹ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ ọnà níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ohunkóhun. Ohun tí wọ́n bá rí he lójú títì, ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn tàbí ní ààtàn àdúgbò ni kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́, kí wọ́n sì gbé e wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n má purọ́, ọ̀wọ́n ọ̀dà àti káńfáàsì ló kọ́kọ́ fà á. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àyíká di àwíjàre lẹ́yìn náà, nígbà tí mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, yàrá iṣẹ́ ọnà wa ti dà bí ìsọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kó dé, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ẹni tó bá rìn láti Lafẹ́nwá dé Ìtòkú lẹ́yìn òjò yóò rí bí ọ̀rá ṣe dí ojú gọ́tà pa. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ okùn. Ọmọkùnrin kan tú wáyà kọ́pà kúrò lára mọ́tò fáànù tó ti jóná, ó fi òòlù lu ìdérí ìgò pẹlẹbẹ, ó fi ìṣó dá ihò mẹ́rin-mẹ́rin sí etí wọn, ó sì ń so wọ́n mọ́ra ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ìka rẹ̀ fi bó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ onírin rẹ̀ kò tíì fẹ̀ ju ìnura lọ, ṣùgbọ́n tí a bá gbé e dání, ó ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ gidi.

Ọ̀dọ̀ El Anatsui ló ti rí àpẹẹrẹ, ọmọ Gánà tí wọ́n bí ní 1944, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tó wà ní Nsukka ní 1975. Ìdérí ìgò ọtí ni ọkùnrin náà fi ń ṣe àwọn aṣọ ńláńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ káàkiri àgbáyé, òun sì ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní ìlú Venice ní 2015. Mo fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù mi. Mo tún fi ti Romuald Hazoumè tẹ̀lé e, ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń ṣe fàyàwọ́ epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà ṣe ìbòjú. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ló di ẹnu, ọwọ́ tí a fi ń gbé e ló di imú. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ní ó jọ ẹ̀gbọ́n òun gẹ́lẹ́.

N kò fẹ́ kí wọ́n lérò pé òkèèrè ni irú ọgbọ́n yìí ti wá bá wa. Láyé àtijọ́, pẹlẹbẹ irin tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tó ń ti òkè òkun wá ni àwọn ọkùnrin tó ń gé bátànì àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ìlú yìí máa ń tú lò. Ojú bátànì náà ni wọ́n ń gbà fi ẹ̀kọ láfún sí ara aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn tó ń fi ọwọ́ ya tiwọn ń lò.

Gbogbo èyí ni mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn, síbẹ̀ nígbà tí mo jókòó láti fún wọn ní máàkì, iṣẹ́ tó fi ara pamọ́ jù ni mo gbé ga jù. Àwo òdòdó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n sì kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà dé ibi tí kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ike ni. Mo yìn ín gidigidi. Ọmọdébìnrin kan wà tí kò kun ohunkóhun rárá. Mo fún un ní 11 nínú 20, mo sì kọ ọ́ sí i pé kò parí iṣẹ́.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, ó gbé tirẹ̀ kọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn: ẹsẹ̀ sálúbàtà kan tó ti já, ìgbálẹ̀ tó ti jẹ kù díẹ̀, ìkarahun ìgbín méjì, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa, gbogbo rẹ̀ lórí okùn kan. Ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ àgbà ní Odẹ́dá ló ti ṣà wọ́n. Àwọn òbí ń wọlé, wọ́n ń jáde, títí bàbá tó ń ṣọ́ géètì fi gbé bẹ́ǹṣì dé. Ó dúró, ó gbójú sókè, ó sì sọ bẹ́ǹṣì kalẹ̀.

“Tíṣà, ta ló pa ààlè síbí?”

Mo ní ààlè kọ́, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni.

“Bàtà tó gbó, ìgbálẹ̀ tó jẹ, àkísà pupa, ẹ ní kì í ṣe ààlè? Ẹni tó bá jí nǹkan gba abẹ́ ibí yìí kọjá, bí a ṣe lo bàtà yẹn tì la ó ṣe lo olúwa rẹ̀ tì. Bí a ṣe ń gbálẹ̀ la ó ṣe gbá a dànù.”

Ọmọ náà ti kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá. N kò mọ̀ ni.”

“Ìwọ ni kò mọ̀. Ojú rẹ mọ̀ ọ́n.” Bàbá bi í léèrè bóyá kò rí irú rẹ̀ rí lóko ìyá àgbà. Ó ronú díẹ̀, ó sì ní lóòótọ́, irú rẹ̀ máa ń wà lórí òkìtì igi ìdáná wọn. Bàbá gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó kọjá níwájú àwo aláwọ̀ wúrà náà, kò tilẹ̀ wò ó.

Mo sùn lé ọ̀rọ̀ yìí lóru ọjọ́ náà. Ìgbálẹ̀ àti bàtà wọ̀nyẹn ti ń sọ̀rọ̀ kí ọmọ náà tó ṣà wọ́n, ohun tó sì dára jù tó ṣe fún wọn ni pé kò fi ọ̀dà dí wọn lẹ́nu. Ọ̀dà yẹn gan-an ni mo fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ní òwúrọ̀, mo pa 11 rẹ́, mo kọ 17. N kò yọ nínú máàkì aláwo òdòdó, nítorí ohun tó rí pé mo fẹ́ ló ṣe.

Pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ṣe é, iṣẹ́ náà ti wà lókè ilẹ̀kùn yàrá tí a ń kó ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì sí láti ìgbà náà. Búrọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń sọnù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sọnù mọ́. Tí bàbá bá sì fẹ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ojú fèrèsé ló ń gbà nà án sí mi.