Google Ní Kó Wọlé, Portal Ní Rárá

Èmi ni mò ń bójú tó ìwọlé lórí portal ilé ẹ̀kọ́ kan. Àkáǹtì Google tí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ páásìwọ́ọ̀dù kọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń kó wá bá wa. Lórí fóònù ọ̀pọ̀ wọn, àkáǹtì ti ara wọn ló wà níbẹ̀, ti ilé ẹ̀kọ́ kò sí. Ọmọ á tẹ bọ́tìnì, Google á ní òun mọ̀ ọ́n, portal á wo íméèlì tó gbé wá, kò ní bá a nínú ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ áàpù ń ṣe níbẹ̀ máa ń dùn mí gan-an. Wọ́n á dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ Google láì sọ ohunkóhun fún un. Google ṣì rántí rẹ̀; bó bá sì ti fọwọ́ sí i rí, kò tún ní bi í ní nǹkan kan, á kàn tì í padà. Wọ́n á máa gbá a síra wọn bíi bọ́ọ̀lù títí búráúsà á fi kọ ERR_TOO_MANY_REDIRECTS síwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti dá a síwá sẹ́yìn jù. Kí ni ọmọ ọdún kìíní fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Data rẹ̀ sì ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ áàpù, bí ìwọlé bá kùnà, ẹ jẹ́ kí áàpù dúró. Ẹ gbé ẹni náà sí ojú ìwé tí kò nílò ìwọlé rárá, kí ẹ fi íméèlì tó lò hàn án, kí ẹ sọ pé kò sí lórí ìwé, ti ilé ẹ̀kọ́ ni kó lò. Bọ́tìnì “Lo àkáǹtì mìíràn” gbọ́dọ̀ fi prompt=select_account ránṣẹ́ sí Google, kí Google lè ní kó yan àkáǹtì tó fẹ́ lò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àkáǹtì kan náà ló tún lè gbé wá.

OAuth 2.0, ìlànà tí áàpù àti Google ń tẹ̀ lé nínú irú ìwọlé yìí, ti fún àwọn ìkùnà kan lórúkọ láti ọdún 2012. access_denied sábà máa ń jẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Ẹ má fi lẹ́tà pupa bá a wí. temporarily_unavailable kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ẹ ní kó ní sùúrù díẹ̀.

Èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń dá sílẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ojú ìwé ń yí, ń yí, ọmọ tún un ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kóòdù tí Google fún un láti gbé wá fún portal wúlò, nítorí náà invalid_grant (kóòdù náà kò wúlò mọ́) ló máa jáde lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ó ti lè wọlé nígbà àkọ́kọ́. Kí ẹ tó sọ fún un pé ó kùnà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti wà nínú ilé. Bó bá wà, ẹ gbé e lọ síbi tó ń lọ.

State ni àmì tí áàpù fi rán ẹni náà lọ sọ́dọ̀ Google, tó sì gbọ́dọ̀ bá a padà bó ṣe wà. Bí kò bá bára mu, ẹ má gbà á wọlé, torí ó lè jẹ́ ọ̀tá ló fẹ́ dọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má pe onítọ̀hún lólè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ló ṣí ojú ìwé sílẹ̀ títí kúkì tí búráúsà fi ń rántí àmì náà fi parẹ́. Ẹ fún un ní bọ́tìnì láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, àti nọ́ńbà kúkúrú tó lè kà fún ẹni tó bá gbé fóònù ní ọ́fíìsì, kí àwa náà lè fi nọ́ńbà yẹn wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí nínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí portal.