Orúkọ ènìyàn kò sí lórí ìwé ìdìbò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbi òkú bàbá mi

Àga 50 ni mo yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú wa níbi òkú bàbá mi lóṣù tó kọjá, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kánópì tiwọn dá wà. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin, ẹnì kan ò jókòó síbẹ̀. Àmàlà ti tutù, gbẹ̀gìrì ti ń dì. Ìyá mi ń nu àga, ó ń nù ún, bíi pé wọ́n ṣì ń bọ̀. Alága wọ́ọ̀dù gun ọ̀kadà kọjá níwájú ilé, kò tilẹ̀ yà kí wa. Bàbá mi tó ti ń bá wọn kó èrò jọ láti 1999!

Kí ni mo ṣe? Mi ò dìbò fún ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀. A lọ bá a nítorí ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa tí ìjì ká òrùlé rẹ̀ lọ, ó ní, "Ẹgbẹ́ ló fà mí kalẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi tẹ̀ka fún ẹlòmíì. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Alága bi mí, mi ò sì lè purọ́ fún un.

Nílé wa, à ń jogún ẹgbẹ́ bí ẹni jogún oríkì ni. Dẹ́mọ̀ ni ìyá bàbá mi, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá ọmọ ìlú wa, títí ó fi kú. Òun ló sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń da epo bẹntiróòlù sílé èèyàn ní 1965, tí wọ́n ń ṣáná sí i, nítorí ẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó ká mi lára jù nìyí: orúkọ ènìyàn kò sí lórí ìwé ìdìbò wa. Àmì ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìka á lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ bèèrè: ta ló wà lẹ́yìn àmì yìí? Àdúgbò wo ló ń gbé? Ta ló ti bá a ṣòwò rí?

Èkejì, ẹ má sọ ẹni tí ẹ tẹ̀ka fún. Mi ò kábàámọ̀ òtítọ́ tí mo sọ, ṣùgbọ́n ìyá mi ló san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́: ẹ bèèrè orúkọ. Ẹ bèèrè, kódà tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tí bàbá yín kú sí.

Ọjà mi ti ń tà padà, Ọlọ́run ṣeun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lálẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi. Nígbà tó ń lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ìyá Ayọ̀, ẹni tí wọ́n tún fẹ́ fà kalẹ̀ fún wa yìí, kí lorúkọ ẹ̀ gan-an?"