Ẹ̀gbọ́n, Ọkọ̀ Yìí Ò Ṣe Nǹkan Kan

Ọkọ̀ mi mọ irọ́ pa. Láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Abẹ́rẹ́ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí á já wálẹ̀ dé 500, á tún fò lọ sí 1,500, bàtà ọmọ kékeré tí mo fi kọ́ sára díńgí á máa jó bí eégún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti wá gbóná báyìí, ara ẹ̀ á balẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ológunẹ̀rù nílùú Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi sì jìnnà díẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ọkọ̀ ti di ọmọlúàbí. Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á gbé ife omi lé ẹ́ńjìnnì lórí, omi ò ní mì. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ò ṣe nǹkan kan."

Lẹ́ẹ̀kínní, ó ní ká ṣáà pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo lọ ra mẹ́rin ní Aráròmí ní Gátè. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fọ tírọ́tù, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbin tó jáde níbẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́, ojú mi ló ń wò.

"Ẹ ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kí n gbọ́."

Èmi àgbà ọkùnrin, mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo di ẹ́ńjìnnì. "Gbùrù-gbùrù-gbù… tẹ̀ẹ̀… gbùrù." Mo tún fi èjìká gbọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọṣẹ́ ti ń yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀kan ní, "Dádì, ẹ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi fóònù ká a." Èmi náà mú fídíò tí mo ká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn jáde. Ọ̀gá wọn gbé e sétí, ó ní jẹnẹrétọ̀ ni.

Ibi tí a forí ọ̀rọ̀ tì sí ni pé òun fúnra ẹ̀ á wá bá ọkọ̀ náà nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n tó fọwọ́ kàn án. Aago márùn-ún ààbọ̀, ọjọ́ Sátidé. Mo gbàgbé láti sọ fún ará ilé kankan. Èmi gan-an tún sùn gbàgbé.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ti ṣí géètì torí ìrun àsùbáà. Ẹ wo ọkùnrin kan nínú òkùnkùn, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, rọ́bà gígùn wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń fi súkúrúdíráfà já bọ́nẹ́ẹ̀tì mi (wáyà ẹ̀ ti já láti èṣí, bí a ṣe ń ṣí i nìyẹn). Ìyá Alákàrà tó ti gbé agbada kaná níwájú ilé rí i.

"Olè bátìrì! Ẹ gbà wá o! Olè bátìrì!"

Bátìrì mẹ́ta ni wọ́n ti jí gbé ládùúgbò wa lóṣù kan, ẹ má dá obìnrin náà lẹ́bi. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù yọ pẹ̀lú búútà àlùwàlá, wọ́n da gbogbo omi inú ẹ̀ lé olè lórí. Èmi náà ta jí. Iró ìyàwó mi ni mo ró, ọmọrogùn ni mo mú, ohùn mi ló sì ròkè jù: "Ẹ má jẹ́ kó lọ! Ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú!" Olè ń sọ nǹkan, tọ́ọ̀ṣì ò jẹ́ kó yé wa. "Ẹ̀-ọ́, è-i-i o! È-i-i o!" Mo ti gbé ọmọrogùn sókè kí tọ́ọ̀ṣì tó já bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni o!"

Ọyẹ́ ń fẹ́, omi ń ro lára ẹ̀, ó ń gbọ̀n gẹ́lẹ́ bí ọkọ̀ mi ṣe máa ń gbọ̀n. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé ohun tí mò ń wí láti ọjọ́ yìí nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe àsìkò ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ parí, gbogbo ilé yí ọkọ̀ ká. Àyà mi ń já, kó má lọ dákẹ́ o. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ̀n! Ó gbọ̀n débi pé páànù nọ́ńbà ń dún pakà-pakà. Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i?" Bàbá Lánlọ́ọ̀dù wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wolẹ̀.

Mẹkáníìkì ki orí rọ́bà kan bọ etí, ó ń fi orí kejì wá inú ẹ́ńjìnnì kiri bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó dúró lójú kan, ó ní kí n wá gbọ́: "ssssss", bí ejò. Ó fi àtàǹpàkò dí ibẹ̀, ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó mú un kúrò, ọkọ̀ tún gbọ̀n. Rọ́bà kékeré kan ló ya, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ tí kò tọ́ sí i. Bí òtútù bá mú, rọ́bà á gan, ojú ibi tó ya á là. Bó bá gbóná, á rọ̀, á padé. Ó ní nǹkan mìíràn ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í tíì gbọ́ ti sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sálẹ́ńsà, ojú lásán ló fi ń wọn epo. Ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá gbóná ló tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tó fi máa ń bu epo kún un.

Ó tún tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló so òwú mọ́ eléyìí?"

Mo rántí. Ìparí oṣù kọkànlá, mo ní mò ń fọ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ mi fa rọ́bà kan, ó ya. N ò sọ fún ẹnì kankan. Mo rí òwú dúdú ní pálọ̀, mo dì í yí po bí ẹni ń kó irun, mo sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Mo ṣì ń ronú irọ́ tí mo máa pa nígbà tí ìyàwó mi na ọrùn wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Òwú irun mi rè é!"

Òwú tó ti ń sọ láti ìgbà yẹn pé ọmọ Ìyá Alákàrà ló jí i. Ìyá Alákàrà sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Mẹkáníìkì gé bí ìka kan lára rọ́bà ọrùn ẹ̀, ó fi pààrọ̀ èyí tó ya, ó gba owó iṣẹ́, ó gba owó òtútù lọ́tọ̀. Àkàrà méjìdínlógún ló jóná sínú epo nígbà tí wọ́n ń pariwo olè. Èmi ni mo ra gbogbo ẹ̀.

Òwú náà ṣì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mi. Ìyàwó mi ló gbé e síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó máa yọ ọ́.