Aboyún, ní kí wọ́n sọ fún ẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ẹ́

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí bú àwọn nọ́ọ̀sì o, mo mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo lè máa sáré láàrin aboyún mẹ́rin márùn-ún mọ́jú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń rọbí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

Nígbà àkọ́bí mi, ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn níbí, wọ́n á kàn wọlé, wọ́n á ní kí n ya ẹsẹ̀, wọ́n á tọwọ́ bọ̀ mí, wọ́n á máa bá ara wọn sòyìnbó lórí mi, wọ́n á tún jáde. Wọ́n fa omi sí mi lápá, kò sẹ́ni tó ní omi kí ni, àfìgbà tí ìrora yẹn le sí i lójijì. Mo ké, nọ́ọ̀sì kan ní, "Ṣé bó o ṣe pariwo nìyí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é?" Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ti àbúrò ẹ̀, màmá nọ́ọ̀sì kan ló gbẹ̀bí mi. "Ìyàwó mi, mo fẹ́ wo bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ṣí tó, tí ìrora bá ń bọ̀ sọ fún mi kí n dúró." Tí wọ́n bá wò ó tán: "Ó ti pé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, mẹ́wàá là ń lọ, ọkàn ọmọ ń lù dáadáa." Ìrora ò dín rárá, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí n má tíì puúṣì mo gbọ́ wọn yékéyéké.

Torí náà, láti klíníìkì lẹ ti máa béèrè, ṣé wọ́n á jẹ́ kí ẹnìkan dúró tì yín, torí láti 2018 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí wọ́n gbà á fún aboyún tó bá fẹ́, wọ́n tún ní kí wọ́n má kàn máa gé ojú ara gbogbo ẹni tó ń bímọ láti fi fẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá mú abẹ́rẹ́ tàbí omi wá, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí máa ṣe fún mi?" Kì í ṣàfojúdi. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún ẹ ní èdè tó yé ẹ, Yorùbá náà sì lèdè. Ẹ kọ́ ọkọ tàbí ìyá tó máa tẹ̀ lé yín ní ìbéèrè yìí ṣáájú, torí tí ìrọbí bá le tán, ẹnu yín lè má gbà á mọ́.