Kí Ọjọ́ Ìsinmi Má Bàa Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba

Rótà, ìyẹn ìwé tí ọ̀gá fi ń pín ọjọ́ àti wákàtí iṣẹ́, ló kọ́kọ́ ń gba Ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ Kristẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba. Ìgbàgbọ́ onítọ̀hún lè gbóná bó ṣe gbóná nílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sí iṣẹ́ òru Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀ Sọ́ńdè ni yóò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, oorun á sì ti kún ojú rẹ̀. Sọ́ńdè kan di mẹ́rin, mẹ́rin di oṣù mẹ́ta. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń kúrò nínú ìjọ láìjẹ́ pé wọ́n pinnu bẹ́ẹ̀.

Owó náà ń fà wá. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Band 5 (ìpele owó oṣù tí nọ́ọ̀sì fi ń bẹ̀rẹ̀) ní NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, máa ń gba 60% lé lórí owó wákàtí rẹ̀ bó bá ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Ti Sátidé jẹ́ 30%. Ẹni tó ń san owó ilé, tó tún ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn òbí, kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. A kò ní kí ẹnikẹ́ni torí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ gbèsè. Ẹ mú Sọ́ńdè tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ lóṣù, bóyá ẹyọ kan, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá nípa ìyókù kí rótà tó jáde. Tó bá ti jáde tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ẹ̀bẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì máa ń tètè sú ọ̀gá.

Òfin ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ní England àti Wales, òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lè kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́ Sọ́ńdè mọ́. Kó fọwọ́ sí ìwé náà, kó kọ déètì sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni yóò múlẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n gbà fún Sọ́ńdè nìkan kò lè lò ó. Kò sì kan ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tí púpọ̀ nínú wa wà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè kọ̀wé béèrè fún àyípadà àkókò iṣẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù 12, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ náà láàárín oṣù méjì. Ohun tó ń jẹ́ kí ìwé náà kùnà ni pé ohun tí a fẹ́ nìkan la máa ń kọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi dípò rẹ̀ pẹ̀lú: Sátidé méjì, òru Fráìdè, tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba tí àwọn yòókù kì í fẹ́ ṣiṣẹ́.

Bí Sọ́ńdè kò bá bọ́ sí i rárá, ìsìn ọjọ́ mìíràn wà. Nínú Ìjọ Àgùdà, Máàsì ìrọ̀lẹ́ Sátidé dúró fún ti Sọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà ń ṣe Ìdàpọ̀ Mímọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì àti Aládùúrà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ìpàdé àdúrà lálẹ́.

Ìsìn orí fóònù dára fún aláìsàn àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, kò tó. Hébérù 10:25 ní ká má kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀, ká sì máa gba ara wa níyànjú. Pásítọ̀ tó ń wàásù nínú fóònù kò lè rí i pé ẹ ti rù. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló máa rí i, òun ló sì máa bi yín pé kí ló dé.

Nítorí náà, ẹ má fi mọ sórí àga ẹ̀yìn. Nínú ìjọ ńlá, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan lè pòórá fún oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ wọ ẹgbẹ́ kékeré kan: akọrin, àwọn tó ń gbàlejò, àwọn tó ń to àga. Ẹ fi rótà yín han olórí ẹgbẹ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, kó má bàa rò pé ẹ ń sá. Nígbà tí ìpè bá dé láti ilé lóru pé bàbá ti lọ, àwọn wọ̀nyí ni yóò gbé kúlà ìrẹsì wá, tí wọn yóò sì jókòó tì yín.

Ìjọba pàápàá ń béèrè ẹni tó mọ̀ wá. Ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì nílò ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì wà lára àwọn tó lè ṣe é. Kò lè fi ọkàn mímọ́ fọwọ́ sí i fún ẹni tó jẹ́ Kérésì nìkan ló ń rí i. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan tún ń béèrè fọ́ọ̀mù tí àlùfáà yóò ti kọ iye ìgbà tí ìdílé ń wá jọ́sìn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni ìforúkọsílẹ̀ sẹ́kọ́ńdìrì ń parí ní England. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ní oṣù kẹsàn-án ti pẹ́. A kò ní kí ẹ torí ìwé máa lọ jọ́sìn o.

Ìjọ tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń gbé yín dé sàn ju ìjọ olókìkí tó gba ọkọ̀ mẹ́ta, pàápàá nínú òtútù oṣù kìíní tí ẹ mú ọmọ méjì lọ́wọ́. Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe, torí náà ẹ yẹ ọkọ̀ wò láti alẹ́ Sátidé. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta, aago ń sún síwájú ní wákàtí kan. Fóònù á yí ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé aago ara ògiri á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Àwọn ọmọ ló gba ìrònú jù. Ẹ béèrè bóyá àwọn tó ń kọ́ wọn ti ṣe àyẹ̀wò DBS, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹnì kan ti dáràn rí. Tí ọmọ bá ti tó ọdún 13, àṣẹ nìkan kò lè gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹ bá a wá iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: ìlù, kámẹ́rà, tàbí kọ̀ǹpútà tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri. Ọmọ tó mọ̀ pé àwọn àgbà kò ní rí orin kà bí òun kò bá tètè dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kan ilẹ̀kùn yàrá yín.