Fọ́tò egungun kì í rí iṣan: ohun tí èjìká mi fi ojú mi rí

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí èjìká ọ̀tún mi. Ó yẹ kí n ní sùúrù kí ara mi yá tán kí n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn mọ́, tí ẹ ń jí ní aago méjì òru nítorí pé ẹ ṣèèṣì yí sí apá tó ń dùn yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti yọ̀. Mo na ọwọ́ gbá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kí n má baà ṣubú, ni gbogbo ara mi bá so rọ̀ mọ́ apá kan ṣoṣo. Ohun kan dún "pọ̀" nínú èjìká mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo na ọwọ́ kó àwo lókè pẹpẹ. Nígbà tó di alẹ́, apá náà ò kọjá àyà mi.

Ọjọ́ kejì gan-an ni mo lọ rí dókítà. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo ẹni tó ń sọ pé mo fi ọ̀rọ̀ ara mi falẹ̀. Wọ́n ya X-ray, ìyẹn fọ́tò egungun, wọ́n ní egungun mi ò ṣẹ́, kò sì yẹ̀, kí n lọ sinmi, kí n máa lo oògùn ìrora. Nígbà tí kò lọ, dókítà kejì ní èjìká mi ti gan, ó gún mi lábẹ́rẹ́ sí oríkèé náà. Ìrora náà rọlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì padà. Ó tún gún òmíràn. Oṣù márùn-ún kọjá báyìí, mò ń fa apá mi lójoojúmọ́ kó lè tú, nígbà tó jẹ́ pé kò gan rárá.

Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ní kí n bọ́ aṣọ.

Dókítà kẹta ló ní kí n bọ́ ọ. Mo ti mọ bí mo ṣe ń ṣe é nígbà náà: apá òsì á kọ́kọ́ jáde, màá fa aṣọ kọjá orí, màá wá rọra fà á sọ̀ kalẹ̀ lára apá tó ń dùn mí. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo èjìká méjèèjì láì sọ nǹkan kan. Ó fi ìka tẹ ibì kan lókè egungun ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún, ó ní ibẹ̀ ti jin, pé ẹran ibẹ̀ ti ń gbẹ. Ó ní kí n gbé apá mi sókè. Ó dé àyà, ó dúró. Èjìká mi nìkan ló ń sún lọ bá etí.

Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó sì bá mi gbé e. Ó ń lọ sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kọjá àyà, ó kọjá èjìká, títí tó fi kan etí mi. Kò há níbi kankan. Inú mi dùn! Mo rò pé ara mi ti yá. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé ìpele èjìká, ó ní, "Ẹ dá a dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Apá mi já lulẹ̀ bí ẹ̀ka igi tó ti gbẹ, ẹ̀yìn ọwọ́ mi gbá etí àga. Mo ń sọ fún apá náà nínú ọkàn mi pé kó dúró, kò gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀ láìsí aṣọ lọ́rùn, mo ń wo ọwọ́ ara mi lórí itan bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ìrora ló pa mí lẹ́kún. Ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ ni mo fi oṣù márùn-ún wá.

Ó ní, "Èjìká tó bá gan, èmi gan-an ò ní lè gbé e. Tiyín, mo gbé e, ẹ̀yin lẹ ò lè gbé e. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ló há, okùn tó ń fà á ló já."

Ẹ̀kọ́ mi tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn, bí ẹ ò bá tilẹ̀ ka ìyókù. Bí ẹ̀yin ò bá lè gbé apá yín, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín gbé e. Bí kò bá gòkè lọ́wọ́ yín, tí kò sì gòkè lọ́wọ́ tirẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó ti gan. Bó bá gòkè lọ́wọ́ tirẹ̀ tí ẹ̀yin ò sì lè dá a dúró, ẹ ní kó wo iṣan. Ìṣòro ọrùn náà lè fa irú rẹ̀, nítorí náà ẹ má dá a lẹ́jọ́ nílé, ẹ má sì ní kí ọmọ yín fi tipátipá fà á.

X-ray ò ṣe nǹkan kan burúkú sí mi o. Egungun ló ń wò. Orí egungun apá tóbi, ihò tó jókòó sí ò sì jìn. Ẹran mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní rotator cuff ló dì í mú yíká. Iṣan tó so ẹran wọ̀nyẹn mọ́ egungun ni ohun tó sábà máa ń ya, X-ray ò sì ń fi í hàn. MRI tàbí ultrasound, àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi í hàn. Bí wọ́n bá ní "fọ́tò yín mọ́," ẹ béèrè pé, kí ni fọ́tò náà lè rí?

MRI fi hàn pé iṣan òkè ti já pátápátá kúrò lára egungun, ó ti sún wọlé, ọ̀rá sì ti ń rọ́pò díẹ̀ nínú ẹran rẹ̀. Èyí tó di ọ̀rá yẹn kì í padà di ẹran. Èyí ló ń dùn mí jù. Ní ti abẹ́rẹ́, ó wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò sọ pé kí ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n tèmi pa ìrora lẹ́nu mọ́, iṣan tó já sì ń sún lọ.

Kì í ṣe gbogbo iṣan tó ya ló ń fẹ́ abẹ o. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ní in tí kò dùn wọ́n, físíò (ìtọ́jú tó ń lo ìdárayá) nìkan sì tó fún ọ̀pọ̀ ẹlòmíì. Tẹni tó ṣubú tàbí tí nǹkan já apá rẹ̀ gbà, tí agbára rẹ̀ sì lọ lọ́jọ́ kan náà, yàtọ̀. Ìyẹn ò gbọdọ̀ pé oṣù márùn-ún. Kò gbọdọ̀ pé oṣù méjì.

Iṣẹ́ abẹ náà: wọ́n fi oògùn pa apá mi kú láti ọrùn kí n má baà mọ ìrora, wọ́n fi kámẹ́rà gba ihò kéékèèké wọlé, wọ́n ri ìdè kéékèèké mọ́ egungun, wọ́n fi okùn rẹ̀ di iṣan náà padà. Orí àga ni mo ti ń jókòó sùn lẹ́yìn náà, apá mi sì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ní kí n má fi apá náà gbé ife lásán. Ìdárayá tó ń fún un lágbára ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó di bí ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ẹni tó ń ṣe físíò fún mi gbé apá náà dé ìpele èjìká, ó fi ìka méjì sílẹ̀ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ní kí n gbìyànjú díẹ̀. Àyà mi já, nítorí mo rántí àga yẹn. Mo ka ení, mo ka èjì. Ó ní ó tó, ó sì bá mi gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.