Dádì, ẹ má sọ Yorùbá ní páàkì

Ọmọ mi ọkùnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tó mú bí abẹ, níbi tá a ti ń wo àwòrán Yellowstone, páàkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní àwọn èèyàn á máa wò wá. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá dìde lọ mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ ò gbẹ mí.

Ọlá tirẹ̀ la sì fẹ́ jẹ lọ o. Kíláàsì kẹrin ló wà, ìjọba Amẹ́ríkà sì máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ní páàsì ọ̀fẹ́ láti wọ irú páàkì bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, tòun tàwọn tó bá bá a wọ ọkọ̀. Ì bá jẹ́ dọ́là 35 lórí ọkọ̀ kan fún ọjọ́ méje. Ẹ sì mọ ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọ̀fẹ́. Àṣé òtẹ́ẹ̀lì ló máa gba ẹ̀san: àwọn tó wà nínú páàkì gan-an, bí ọdún kan ṣáájú làwọn èèyàn ti ń dù ú.

Mo pe Màmá ní Òkè-Ẹ̀rí pé páàkì là ń lọ.

"Páàkì? Ọkọ̀ ibo lẹ fẹ́ wọ̀?"

Mo ṣàlàyé títí. Igbó ni, omi gbígbóná ń ru jáde látinú ilẹ̀, àwọn ẹfọ̀n ńláńlá ń rìn lójú títì, a ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ wọn tó yáàdì 25. Màmá dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé kò sọ́dẹ níbẹ̀ ni?"

Wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo lọmọ náà ń bọ̀ wá wo Erédò.

Ẹnu mi wọ. Kòtò àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tó jìn tó mítà 20 níbòmíì. Bàbá mi ló máa ń mú mi sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, wọn á ní kí n gbọ́wọ́ lé ara ògiri tó tutù, kí n pariwo orúkọ mi. Ẹni tí ì bá mú ọmọ mi lọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kú, pépà mi ò tíì jáde. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí wọ́n tó bu yẹ̀pẹ̀.

Pépà ti jáde láti ọdún mẹ́rin. Mo ṣì ń sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n.

Lánàá mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo gba òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn géètì páàkì. Ọmọ náà bi mí pé kí ni mò ń kùn lábẹ́ ẹnu. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ń jáde. Yorùbá ni mo fi ń ka owó náà.